Abẹ́rẹ́ Tó Ń Mú Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ Gbó, Kí Ló Ń Ṣe fún Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Nínú Oyún?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí tẹ́ ẹ kún ẹ̀yìn yẹn, àti ẹ̀yin bàbá mẹ́rin tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, torí tí wọ́n bá ti pe irú ìpàdé báyìí àwọn ọkùnrin á ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹni tó bá ń kà á lórí fóònù, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo tẹ̀ síbí, ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa ń pariwo nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ n ti orí ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, oyún ẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 30, omirá ti ń jò díẹ̀díẹ̀. A gún un ní abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì, èyí tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, lọ́jọ́ Fráídè, a tún gún un ní Sátidé. Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, ó pè mí, ó ní, "Dókítà, ọlẹ̀ yìí ò sọ bó ṣe máa ń sọ mọ́ o." A gbé ẹ̀rọ sí i níkùn, èyí tó máa ń ya lílù ọkàn ọmọ sórí bébà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìlà yẹn gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n, kó máa lọ sókè sódò bí ọwọ́ arúgbó tó ń kọ̀wé. Tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ. Àyà mi já, mo ti ní kí wọ́n lọ ṣí téètà, mo ti ń wá ẹni tó máa pe ọkọ ìyàwó, ìgbà yẹn ni mátírọ́ọ̀nù àgbà kan wọlé, màámá yẹn ò tiẹ̀ wo bébà, ó kàn ní, "Dókítà, abẹ́rẹ́ yẹn ti di ọjọ́ mélòó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Fráídè, Sátidé, Sọ́ńdè.

Ó ní ká kọ́kọ́ ṣe síkáànù ná ká tó gbé ọ̀bẹ. A ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere nínú ìwọ́, lílù ọkàn wà níbi tó yẹ kó wà, ibà ò sí lára ìyá. A jókòó tì í, a ò sùn, wákàtí díẹ̀díẹ̀ la ń gbé ẹ̀rọ padà sí i. Nígbà tó fi máa di Túsìdeè, ọlẹ̀ ti ń ta ìyá ẹ̀ nípàá, ìlà orí bébà ti ń gbọ̀n padà, ọmọ náà sì lo ọjọ́ 19 sí i nínú ikùn kí wọ́n tó bí i. Ká ní mo gbé e jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn ni, àìmọ̀kan tèmi ni ọmọ yẹn ì bá fi di ọmọ ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ o.

Ìbéèrè màámá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí. Abẹ́rẹ́ yẹn ti di ọjọ́ mélòó?

Stẹ́rọ́ìdì tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé irin o, kì í ṣe ti ìpara bíbóra náà. Méjì là ń lò fún aboyún, betamethasone àti dexamethasone. Betamethasone, mílígíráàmù 12, ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí 24 ló máa wà láàárín wọn. Dexamethasone, mílígíráàmù 6, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wákàtí 12 síra wọn. Dexa ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa torí kò wọ́n, òun náà sì ni àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì pé àwọn fẹ́ sanra, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é mọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹni tó rí àǹfààní ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì gbó ni Graham Liggins, Mont ni wọ́n ń pè é, dókítà tó ń tọ́jú aboyún ní Auckland ní New Zealand, orílẹ̀-èdè tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ohun tó ń wá gan-an kọ́ ló rí. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ń jẹ́ kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ó wá ń fún ọmọ àgùntàn ní stẹ́rọ́ìdì nínú ikùn ìyá wọn, ìrọbí sì ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí ní ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n lè mí rárá, wọ́n ń mí. Ó kọ ọ́ jáde ní 1969. Ní 1972, òun àti Ross Howie tó jẹ́ dókítà ọmọdé gbé èsì tèèyàn jáde, ìyá 282 ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba betamethasone, 9.0 nínú 100 ni èémí dà láàmú, nínú àwọn tí kò gbà á, 25.8. Àwọn tó kú láìpẹ́ sígbà tí wọ́n bí wọn, 3.2 nínú 100 sí 15.0. Ẹ rántí pé ní 1963, ọdún mẹ́sàn-án péré ṣáájú ìyẹn, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà, Patrick, ọmọ John Kennedy, wọ́n bí i ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún àbọ̀ ṣáájú àsìkò, wákàtí 39 ló lò láyé, ẹ̀dọ̀fóró tí kò gbó ló pa á, owó bàbá ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, agbára bàbá ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó di 1994 kí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn dókítà máa lo abẹ́rẹ́ yìí. Ọdún 22! Mi ò mọ iye ọmọ tó bá ìdúró yẹn lọ, inú sì máa ń bí mi tí mo bá rò ó.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nísìn. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ṣé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló máa yà sí ni? Gbogbo ilé ló máa kàn.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń gbà. Ọmọ inú oyún kì í fa afẹ́fẹ́, omi ló kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ibi ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró fún un, òun ló ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín, òun náà ni ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, tẹ́ ẹ bá gé ìwọ́ tuntun tẹ́ ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ihò mẹ́ta lẹ máa rí, ńlá kan, kékeré méjì. Ńlá yẹn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn bọ̀ látinú ibi ọmọ, àwọn kékeré méjì ló ń gbé èyí tí ọmọ ti lò padà lọ. Nínú ara ọmọ fúnra ẹ̀, Ọlọ́run la ọ̀nà ẹ̀bùrú mẹ́ta: ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ kọjá, ọ̀kan jẹ́ ihò láàárín yàrá òkè méjèèjì inú ọkàn, ọ̀kan so iṣan ẹ̀dọ̀fóró mọ́ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Torí náà ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ń dé ẹ̀dọ̀fóró, ṣebí kò tíì níṣẹ́. Tí wọ́n bá bí ọmọ, tó ké, ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dí.

Báwo la ṣe ń rí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ láìla ikùn? Ẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ rí, mọ́tò ń bọ̀, ó ń fọn fèrè, bó ṣe ń sún mọ́ yín ohùn fèrè yẹn á lọ sókè, bó bá ti kọjá ohùn á wálẹ̀. Christian Doppler ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1842, orúkọ ẹ̀ náà la fi ń pe síkáànù yìí. Ẹ̀rọ á fi ohùn tí etí ò lè gbọ́ ránṣẹ́ sínú ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré á dá a padà, ẹ̀rọ á wá yà á bí eyín ayùn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ, wúù, wúù, wúù. Ṣóńṣó eyín ayùn ni ìgbà tí ọkàn ọmọ tì. Ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn ń sinmi. Bí ibi ọmọ bá dáa, ọ̀nà ibẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ò ní dúró kódà tí ọkàn bá ń sinmi, ìsàlẹ̀ eyín yẹn ò ní kanlẹ̀. Bí ibi ọmọ bá ti le, pàápàá lára ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ á dúró láàárín lílù kan sí èkejì, àlàfo á ṣí, ẹ ó kàn rí eyín kan, òfìfo, eyín kan, òfìfo. Èyí tó burú jù ni kí ìlà lọ sábẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn nìyẹn.

Ó dáa. Ẹ wá gún ìyá yẹn ní betamethasone, kẹ́ ẹ padà síbi ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo yẹn á ti dí! Ẹ̀jẹ̀ tó ń dúró tẹ́lẹ̀ ti ń ṣàn. Ní 1999 ni Euan Wallace àti akẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ jáde láti Melbourne ní Australia, àwọn míì sì ti rí i lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Ọ̀kan, pé ibi ọmọ máa ń tú àwọn kẹ́míkà tó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Èkejì, pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ fúnra ẹ̀ máa ń lọ sókè, ó wá ń ti ẹ̀jẹ̀ kọjá tipátipá. Nínú ọmọ àgùntàn tí wọ́n fún ní oògùn yìí, ìfúnpá lọ sókè lóòótọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sì fún. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ẹ̀ dáa láti ilẹ̀ ní tiẹ̀, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí àyípadà kankan níbẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà. Mo rántí ìdílé kan, ọmọ wọn kéré sí ọjọ́ orí ẹ̀, àlàfo wà, wọ́n gún ìyá lábẹ́rẹ́, lọ́jọ́ kejì àlàfo dí, ọ̀kan nínú àwa dókítà sì fẹnu sọ pé, "Ó ti dáa." Háà! Kí ìyá ọkọ má ti gbọ́ ọ! Kíá, wọ́n ti ń di ẹrù, wọ́n ní àdúrà ti gbà, ìyá kan tiẹ̀ ti ń jó lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹ̀bẹ̀ la fi dá wọn dúró. Ibi ọmọ tó le lọ́jọ́ Mọ́ńdè ṣì le lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, abẹ́rẹ́ ló kàn bá wa dẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó máa fi di Sátidé, òfìfo ti padà sáàárín eyín ayùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ sì ké. Àwọn ọmọ míì wà tí àlàfo tiwọn ò dí rárá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn wọ̀nyẹn la máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Ẹ wá wo ọkàn. Ọkàn ọmọ tára ẹ̀ yá ń lù láàárín ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-lé-lọ́gọ́rùn-ún sí ọgọ́jọ, 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sì í lù ní ìwọ̀n kan náà, ó máa ń yí. Àwọn ará Utrecht ní Netherlands ṣọ́ àwọn aboyún tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ yìí ní àárín 1990 sí 1999, ohun tí wọ́n rí ni ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn: lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, yíyí lílù ọkàn á dín kù, ọmọ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yíra, kò ní fi àyà kọ́ mímí bó ṣe máa ń ṣe. Tó bá di ọjọ́ kẹrin á padà sípò. Betamethasone máa ń ṣe é ju dexamethasone lọ. Ẹ má gbọ́ ọ ní ìdajì o: ìyá tí ọlẹ̀ ẹ̀ dákẹ́ gbọ́dọ̀ wá sí ọsibítù, bóyá ó gba abẹ́rẹ́ ni, bóyá kò gbà á ni. Ẹni tó ń wo bébà ni kó mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́, ìyá ò gbọdọ̀ jókòó sílé máa ka ìka.

Ti ọpọlọ, inú àgùntàn ni wọ́n ti wò ó jù, ní Jena ní Jámánì. Lẹ́yìn betamethasone, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ọmọ àgùntàn dín kù. Àwọn ará Melbourne náà lo ọmọ àgùntàn tí ibi ọmọ wọn ò dáa, tiwọn dín kù díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá rọ́ padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kàn wá kan àgùntàn. Oyún àgùntàn ń lò tó oṣù márùn-ún, ọmọ inú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ èèyàn ní ìwọ̀n, èèyàn sì lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí iṣan ẹ̀ láìpa á. Àgùntàn tá a kàn ń wò ní Iléyá yìí, òun ló kọ́ wa ní ìdajì ohun tá a mọ̀ nípa ọmọ inú ikùn.

Àǹfààní náà ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ o, kẹ́ ẹ má lọ sọ pé dókítà wá dẹ́rù bà yín. Ọmọ tí kò gbó, tí ìyá ẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ yìí, ọ̀nà ẹ̀bùrú kẹta yẹn, èyí tó so iṣan ẹ̀dọ̀fóró mọ́ iṣan ńlá, kì í sábàá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí bíi ti ẹni tí kò gbà á, ìfúnpá ẹ̀ máa ń dúró dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sábàá ya sínú ọpọlọ ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ti tó fún mi.

Nọ́ọ̀sì kan bi mí níbí pé, kí ló dé tá ò kàn fún wọn ní prednisolone tí wọ́n máa gbé mì, ṣebí stẹ́rọ́ìdì náà ni. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ibi ọmọ ní oníbodè. Oníbodè yìí máa ń gba agbára lọ́wọ́ prednisolone àti stẹ́rọ́ìdì ti ara ìyá fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó kọjá, díẹ̀ ló ń yọ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí oníkọ́ fée, ìyẹn ẹni tó ní asthma, ṣe lè máa lo prednisolone ẹ̀ lọ nínú oyún tí dókítà bá ní kó lò ó. Dexa àti beta ò mọ̀ pé bodè wà, wọ́n kàn ń kọjá lọ ni.

Torí pé wọ́n ń kọjá bẹ́ẹ̀ náà ni kò ṣe yẹ ká máa gún un léraléra. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2008 gún àwọn ìyá kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àwọn ọmọ wọn kéré, wọ́n kúrú, orí wọn náà kéré díẹ̀, kò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ohunkóhun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣúgà ìyá náà máa ń fò sókè, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sọ fún wa ká tó gún un.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ sí ìgboro àti abúlé ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Kenya àti Zambia wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n retí kọ́ ni wọ́n rí, ikú ọmọ lọ sókè díẹ̀ lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n gún ò tiẹ̀ bímọ ṣáájú àsìkò. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, wá tún un ṣe ní ọsibítù tó ní síkáànù àtẹni tó lè tọ́jú ọmọ, Bangladesh, India, Kenya, Pakistan àti Nàìjíríà tiwa, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ wa Olufemi Oladapo sì wà lára àwọn tó darí ẹ̀ láti Geneva. Ìyá 2,852. Èsì jáde ní 2020: nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba dexa, 19.6 nínú 100 ló kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, nínú àwọn tí kò gbà á, 23.5. Dexa kan náà tí kò wọ́n yẹn o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi síkáànù mọ ọ̀sẹ̀ oyún dáadáa kí wọ́n tó gún un, wọn ò sì gún ẹni tí kò ní í bímọ láìpẹ́.

Bàbá kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Dókítà, ẹ ní ìfúnpá ọmọ ń lọ sókè. Ṣé ọmọ yẹn ò ní di alẹ́jẹ̀ríru lọ́jọ́ iwájú?" Mo ní bàbá, àwọn ará Auckland náà bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá àwọn ọmọ inú ìwádìí Liggins kàn nígbà tí wọ́n di ẹni ọgbọ̀n ọdún, wọ́n wọn ìfúnpá wọn, kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí ìyá wọn ò gbà á. Ara àwọn tó gbà á kàn lọ́ra díẹ̀ láti dá ìnsúlíìnì lóhùn nígbà tí wọ́n mu ṣúgà, àtọ̀gbẹ wọn ò sì pọ̀ jù. Bàbá ní òun gbà.

Ìyá kan ní àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ oṣù méje ń yè, ti oṣù mẹ́jọ kì í yè. Irọ́ ni, màámá mi, ẹ má bínú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá lò sí i nínú ikùn tó dáa, èrè ni.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni aboyún kan sún mọ́ mi, ìrọbí kan ti mú un lójijì tó sì ti rọlẹ̀, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, ó ní òun náà gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ó na káàdì sí mi. Wọ́n kọ "Dexa" sí i, wọ́n fàlà sí i lábẹ́, kò sí ọjọ́, kò sí aago. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni?" Ó rò ó títí. Ó ní, "Ọjọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀ ni, tí òrùlé ilé ìwé ṣí." Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, àwọn kan ní Túsìdeè, àwọn kan ní Wẹ́sìdeè, títí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rí fọ́tò òrùlé yẹn nínú fóònù ẹ̀, Wẹ́sìdeè ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí i.